Láti inú àpótí nẹ́gátíìfù dé orí fáìlì raw

Nígbà tí a ń ṣètò ìwé ìrántí sẹ́ẹ̀tì wa ní Ìlọrin, a wá fọ́tò ọdún kìíní wa tì. Onífọ́tò tó yà á ní òun ti pa àwọn fáìlì náà rẹ́ kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà òun. Ẹ̀dà kékeré tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìkan ló kù. Ọ̀kan nínú àwa tí a wà nínú fọ́tò yẹn ti di olóògbé, ìyá rẹ̀ sì ń bẹ̀ wá pé kí a bá òun tẹ̀ ẹ́ ní ńlá.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa wo ẹ̀yìn wò. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣèwádìí láàrin àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á sì tún fi aṣọ obìnrin yà á. Táíwò àti Kẹ́hìndé á wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orí bébà ni àtúnṣe ti wáyé; nẹ́gátíìfù wà bó ṣe wà.

J. D. 'Okhai Ojeikere náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Ìbàdàn ní 1954, ń ya irun dídì àwọn obìnrin láti 1968. Ó tọ́jú wọn débi pé ní ọdún 2000, wọ́n pàtẹ wọn ní Paris.

Fáìlì raw ni nẹ́gátíìfù tiwa: gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, kí ó tó di JPEG. Nikon ń pe tirẹ̀ ní NEF. Ní 2004, Adobe gbé DNG jáde, orúkọ tó túmọ̀ sí nẹ́gátíìfù dígítà. Lightroom tẹ̀ lé e ní 2007, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kátálọ́ọ̀gì Lightroom kò gbé fọ́tò pamọ́ sínú. Ìwé àkọsílẹ̀ ni: ó mọ ibi tí fáìlì wà àti àtúnṣe tí a ṣe sí i. Bí a bá gbé fódà kúrò láìgba inú Lightroom, yóò ní òun kò rí fọ́tò mọ́. Bí a bá pa raw rẹ́, àkọsílẹ̀ á kù, àpótí á ṣófo. Bí a bá sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Photoshop láti ibẹ̀, ẹ̀dà TIFF tàbí PSD ló ń padà wá. Raw fúnra rẹ̀ kò yí padà, bíi nẹ́gátíìfù Ìlá.

Ní báyìí, a ti ra háàdì díìsìkì méjì fún sẹ́ẹ̀tì wa, ọwọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ọdún, oṣù àti ọjọ́ ni a fi ń pe fódà kọ̀ọ̀kan, inú Lightroom ni a sì ti ń gbé e kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, bí raw bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún wa ní ẹ̀dà.

Ní ti ìyá ọ̀rẹ́ wa, fọ́tò tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ la lè tẹ̀ fún wọn. Bí a bá ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọmọ wọn kò ní hàn mọ́.