Ẹnà Afìrójọra Àwọn Cockney ní Ìlú London: Orísun àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Òwe-òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ni a mọ ọgbọ́n à ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ má lè gbọ́ ọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ẹnà kan tí àwọn Cockney ìlú London ń lò wò: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ èdè.

Kí a tó máa lọ, àwọn wo ni à ń pè ní Cockney? Ẹyin àkùkọ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń fi pe ọmọ àkẹ́bàjẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi bú ará ìlú ńlá tí kò mọ nǹkan oko. Ní ọdún 1617 ni a ti rí i kọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí a bá bí sí ibi tí a ti lè gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì St Mary-le-Bow, ní àdúgbò Cheapside, ni Cockney. Lónìí, àwọn mẹ̀kúnnù ìhà ìlà-oòrùn London ni orúkọ náà sábà máa ń tọ́ka sí.

Ọ̀nà tí ẹnà yìí ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tí ó fẹ́ dárúkọ nǹkan yóò wá àpólà ọ̀rọ̀ kan tí ìró ìparí rẹ̀ bá ti orúkọ nǹkan náà mu. 'Stairs' ni àtẹ̀gùn ilé. Dípò rẹ̀ wọn a ní 'apples and pears', èyí tí í ṣe orúkọ èso méjì. 'Feet', ìyẹn ẹsẹ̀, di 'plates of meat', àwo ẹran. 'Phone', ìyẹn tẹlifóònù, di 'dog and bone', ajá àti eegun. Títí dé ibí yìí, etí lè ran àlejò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, wọn a gé ọ̀rọ̀ tí ó ru ìró náà dànù. 'Butcher's hook', ìkọ́ alápatà, dúró fún 'look', ìyẹn wíwò. 'Butcher's' nìkan ni wọn yóò sọ. 'Loaf of bread' dúró fún 'head', ìyẹn orí. 'Loaf' nìkan ni ó kù. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn lo 'loaf' rẹ̀, kí ó ronú ni wọ́n ń wí. Ọ̀pọ̀ ni ó ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ẹnà ni.

Níbo ni ó ti wá? Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn olè ni ó dá a sílẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí. Ní ọdún 1851, Henry Mayhew tẹ ìwé jáde nípa àwọn òtòṣì London. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ fún un pé ẹnà tuntun tí àwọn alágbe ń lò dá lórí ìró jíjọra, kò sì jọ ẹnà olè. Ní ọdún 1859, John Camden Hotten tẹ ìwé atúmọ̀ ẹnà tirẹ̀ jáde. Ó ní nǹkan bí ọdún 12 sí 15 ṣáájú ni ẹnà yìí bẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn tí ń kọrin tí wọ́n sì ń polówó ìwé orin ní òpópónà ni ó mú un wá. Yàtọ̀ sí èyí, bí ó bá jẹ́ pé àṣírí nìkan ni ó wà fún, ìbá ti kú nígbà tí Hotten tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó ìwé lọ́wọ́. Kò kú; ńṣe ni ó ń gbilẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí Ruby Murray di olókìkí akọrin láàárín ọdún 1950 sí 1959, orúkọ rẹ̀ di ẹnà fún 'curry', ọbẹ̀ kọ́rì. Eré àti ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni ó mú ẹnà yìí pẹ́ láyé.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé 'scarper', ìyẹn sísá lọ, wá láti ara 'Scapa Flow', èbúté tí àwọn ará Jámánì ti ri ọkọ̀ ogun tiwọn fúnra wọn ní ọdún 1919, nítorí pé 'Flow' bá 'go' mu ní ìró. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Èdè Ítálì, 'scappare', ni ó jọ pé ó ti wá.

Àwa náà ní ẹnà. Ẹni tí ó ní 'mogo fẹ́gẹ́ lọgọ' ń sọ pé òun fẹ́ lọ. Sílébù ni ó fi pamọ́, nígbà tí Cockney ń fi odidi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nínú àrokò ni a ti rí ohun tí ó sún mọ́ tiwọn: owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ìró 'fà' tí ó wà nínú 'ẹ̀fà'. Nítorí náà, kí á má ṣe fi ojú ọ̀rọ̀ pàǹtí wo ẹnà tí àwọn ọmọ wa ń sọ ní ọjà àti ní ibùdó ọkọ̀. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti ibi tí a ti gbọ́ ọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn dídùn bí ti Scapa Flow ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa fi kọ́ ọmọ, òun náà ni olùdánwò yóò sì máa fún ní máàkì.