Òjé, Bátìrì Àlòkù àti Ilé-iṣẹ́ Kéékèèké láti Ọ̀tà dé Ògijo, 1976 sí 2025

Ní ọdún 1995, Porter àti van der Linde gbé èrò kan kalẹ̀ pé òfin àyíká tí a bá ṣe dáadáa kì í pa ilé-iṣẹ́ lára. Ó lè ṣí onílé-iṣẹ́ lójú sí ọ̀nà tí yóò fi dín ìnáwó rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ okòwò ti gba èrò yìí mú, wọ́n sì ń lò ó fún gbogbo ẹni tí ó ń pèsè nǹkan èlò fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí a fẹ́ jiyàn lé lórí nínú bébà yìí ni pé ìtàn ilé-iṣẹ́ ní ẹnu ààlà Ògùn àti Èkó kò fi gbogbo ara gbè é lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kékeré lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní mímọ́ kí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kógbá wọlé, bí ẹni tí ó ń ra ọjà rẹ̀ kò bá bèèrè bí ó ti ṣe é.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta ni Sango wà, kò sì jìnnà sí Ìkejà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilẹ̀ Èkó ti ń há, ti Ọ̀tà sì ṣì gbà. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń dé ni àwọn kéékèèké ń tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀ ni irin àlòkù àti ike àlòkù wá di ọjà gidi, nítorí pé èyí tí à ń kó ti òkè òkun wá ti wọ́n jù. Kì í ṣe ìfẹ́ àyíká ni ó kọ́kọ́ mú wa tún nǹkan lò, àìrówó ni.

Òfin kò ṣàìsí. Lẹ́yìn tí wọ́n da ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí Kókó ní 1988 ni ìjọba ológun ṣe Òfin 42 àti Òfin 58 tí ó dá FEPA sílẹ̀. Ìlànà 1991 tẹ̀ lé e, àti NESREA ní 2007. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú òfin wọ̀nyí dúró sí: wọ́n bèèrè ohun tí ó ń gba ojú èéfín àti gọ́tà jáde, wọn kò bèèrè ẹni tí ó ra ọjà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni Ògijo. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó wà, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ohun tí ó fa ilé-iṣẹ́ lọ sí Ọ̀tà náà ni ó fà wọ́n lọ síbẹ̀: ilẹ̀, àti ìtòsí èbúté Èkó. Bátìrì ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ láti gba òjé inú rẹ̀. Òjé kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ti iléru ni ó yàtọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ náwó yóò fi àdá la bátìrì, yóò da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, yóò yọ́ òjé láìsí asẹ́ tí ń gba eruku, yóò sì kó ìdàrọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é dáadáa yóò ra ẹ̀rọ tí ń fọ́ bátìrì ní títì pa, yóò pa agbára ásíìdì, yóò sì máa pààrọ̀ asẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ọmọlanke kó bátìrì kiri ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí ó bá san owó jù ni yóò gbà á. Owó tí ẹni àkọ́kọ́ kò ná sórí asẹ́ ni ó ń fi kún owó bátìrì. Ní November 2025, New York Times àti The Examination gbé ìwádìí jáde lórí Ògijo. Wọ́n sọ nípa ilé-iṣẹ́ kan tí ó ra ẹ̀rọ tí ó mọ́, tí kò sì lè bá àwọn yòókù figagbága. Nínú àádọ́rin ènìyàn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, méje nínú mẹ́wàá ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tí ń pani lára, gbogbo òṣìṣẹ́ iléru tí ó wà nínú wọn sì wà lára àwọn wọ̀nyí. Òótọ́ ni pé ṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, a kò sì lè fi iye yẹn ṣírò gbogbo ìlú. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọkà bálì wé e. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé ní 1988, gbogbo ilé-iṣẹ́ bíà ni ó kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, kò sì sí ẹni tí ó ra ọkà ilé tí ó pàdánù sọ́wọ́ ẹni tí ó ń ra ti òkèèrè. Irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń yọ́ òjé kò rí. Ìlànà bátìrì ti 2024 ti gbé ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe bátìrì àti àwọn tí ń kó o wọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òjé Ògijo ń gba Èkó lọ sí òkè òkun, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe bátìrì fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìlànà tí a ṣe ní Àbújá kò sì lè bá wọn wí.