Wíwá Abúlé Àwọn Bàbá Wa Lórí Máàpù Àtijọ́

Tí ìyá àgbà bá ń ka orúkọ àwọn abúlé tí wọ́n ti gbé rí, láti Òde Ùgbò lọ dé etí òkun, tí ẹ wá ń fi Google Maps wá wọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi sú yín. Omi lásán lẹ máa rí níbi tí òmíràn wà. Ayétòrò tí àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947 gan-an, ojú wa báyìí ni òkun fi ń jẹ ẹ́ lọ. Ará òkè ṣì lè lọ dúró lórí ahoro ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ńkọ́?

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn máàpù tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba yà, irú èyí tí sẹ̀ntímítà 2 orí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1 nílẹ̀. Odò kéékèèké àti abúlé máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó wà létí ìwé náà. Èyí tó bá ti ṣáájú 1947 kò lè ní Ayétòrò. Tí ẹ bá sì ń wá orúkọ náà, “Aiyetoro” ni kí ẹ wá, torí ọdún 1974 la tó yí àkọtọ́ padà.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lé máàpù òde òní nínú QGIS (ọ̀fẹ́ ni), ẹ má fi etí òkun ṣe àmì, torí òun gan-an ló ń rìn. Ìlà tó wà ní igun ìwé ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yan Minna, ìwọ̀n tí wọ́n fi ya máàpù Nàìjíríà láyé ìgbà yẹn. Tí ẹ bá fi ti GPS sílẹ̀, gbogbo nǹkan á yẹ̀ tó bíi mítà 100. Ní abúlé tóóró tó wà létí òkun, ilé onílé lẹ máa pè ní ti bàbá yín.

Ibi tó bá ṣófo lórí máàpù ńkọ́? Ẹ má sọ pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀. Nǹkan tí òyìnbó ń wá ló ń rí. Ní 1885, Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg, gba etíkun Màhín, ó di ti Jámánì, kí ọdún náà tó parí ó ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń wá èbúté, kí ló kàn án pẹ̀lú àgọ́ apẹja?

Nítorí náà, ẹ tẹ máàpù náà sórí ìwé ńlá, ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà. Orúkọ odò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí abúlé máa ń ṣí kúrò, odò kì í tètè pa orúkọ dà. Orúkọ tí wọ́n bá dá tí kò sí níbẹ̀, ẹ fi bírò kọ ọ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.