Ẹni Tó Ṣiṣẹ́: Ká Dárúkọ Rẹ̀ Ni, Àbí Ká Bò Ó Láṣìírí?

Àwọn àgbà wa ní, "Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn." Bí a bá ń kọ́ mọ́sálásí ládùúgbò, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn á kéde orúkọ ẹni tó ra sìmẹ́ńtì, wọn á kéde ẹni tó gbé páànù wá, àwọn èrò á sì máa ṣàdúà fún wọn. Ṣùgbọ́n a kì í ṣàìrí ẹnìkan tí yóò fi owó sí Lèmọ́mù lọ́wọ́, tí yóò sì rọra sọ pé, "Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi kò gbọdọ̀ jáde." Ẹni tó fẹ́ kí a dárúkọ òun kò ṣẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí a bo òun láṣìírí náà kò ṣẹ̀. Ìgbà tí a bá fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ pamọ́, tí a sì kéde ti ẹni kejì, ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti mọ́sálásí àdúgbò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí kò rí ara wọn rí ni wọ́n jọ ń kọ ìwé ìmọ̀, tí wọ́n sì jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lórí ayélujára láìgba kọ́bọ̀. Òfin kan ní kí a dárúkọ wọn. Òfin mìíràn ní bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè ní kí a pa orúkọ wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òfin méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, kí a lè mọ ọ̀nà tí a ó gbà.

Ti dídárúkọ ni a ó kọ́kọ́ mú. Ní ọdún 1886, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Berne, ní ilẹ̀ Switzerland, láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní ìlú Róòmù ní ọdún 1928, wọ́n fi kún un pé bí òǹkọ̀wé bá tilẹ̀ ti ta ẹ̀tọ́ orí ìwé rẹ̀, ó ṣì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ni òun kọ ọ́.

Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Linux, ó sì ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá bá òun ṣe é. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n pè ní CREDITS, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ṣèrànwọ́ sí àti ohun tí oníkálukú ṣe. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ àdírẹ́sì ilé wọn sí i! Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìwé ìmọ̀ Wikipedia bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni bá ṣe síbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú pẹ̀lú orúkọ tó fi wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ẹgbẹ́ Creative Commons gbé àwọn ìwé àṣẹ kan jáde tí oníṣẹ́ lè fi sọ fún aráyé pé, "Ẹ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ mi." Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò gba owó, orúkọ yẹn ni owó oṣù rẹ̀.

Ìyìn nìkan sì kọ́ ni orúkọ wà fún. Àwa Mùsùlùmí mọ èyí dájú. Àwọn onímọ̀ Hadíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n á bi ọ́ pé lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ, àti pé lẹ́nu ta ni onítọ̀hún náà ti gbọ́ ọ. Imam al-Bukhari, tó kú ní ọdún 870, kọ odidi ìwé ńlá kan lórí àwọn tó gba Hadíìsì wá. Orúkọ ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí a lè gbọ́kàn lé.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù kí orúkọ wọn wà nínú ìwé? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Amsterdam, nígbà ogun àgbáyé kejì, lẹ́yìn tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì ti gba ilẹ̀ Netherlands. Ìjọba ibẹ̀ ti ní ìwé orúkọ àwọn ará ìlú, pẹ̀lú ibi tí oníkálukú ń gbé. Wọn kò torí ìkà ṣe ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ìkà, ìwé yẹn ni wọ́n fi ń wá àwọn Júù kiri, tí wọ́n ń kó wọn lọ síbi ikú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1943, Willem Arondeus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n wọ inú ilé tí ìwé náà wà, wọ́n sì dáná sun ún. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa àwọn 12 nínú wọn. Ẹ wò ó bí ayé ti rí: àwọn tó kú kí orúkọ ẹlòmíràn lè pamọ́, orúkọ tiwọn ni aráyé ń dá títí di òní.

Ìrántí irú nǹkan báyìí kò kúrò lọ́kàn àwọn ará Yúróòpù. Ní ọdún 1970, ìpínlẹ̀ Hesse ní ilẹ̀ Jámánì ṣe òfin àkọ́kọ́ lágbàáyé lórí ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin orílẹ̀-èdè dájọ́, nínú ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ètò ìkànìyàn, pé oníkálukú ló ní àṣẹ lórí ohun tí a ó fi ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2018, òfin kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a pa ọ̀rọ̀ nípa òun rẹ́ bí ìdí bá wà. Ilé iṣẹ́ tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn tó tó 20 mílíọ̀nù owó yúrò, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilé iṣẹ́ náà bá tóbi. Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ̀tọ́ yìí sì wà nínú rẹ̀.

Níbi tí òfin méjèèjì ti pàdé ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Ká ní ẹnìkan ti bá wọn kọ ìwé ìmọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó wá ní kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́. Bí wọ́n bá pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ mọ́ orúkọ, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ tiwọn lé e lórí yóò wó. Bí wọ́n bá sì kọ̀ fún un, ewu lè wu ú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn kan tú àṣírí ọkùnrin kan ní ìlú Minsk, ní ilẹ̀ Belarus, pé òun wà lára àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ogun Ukraine sínú Wikipedia. Kò pẹ́ tí àwọn agbófinró fi mú un. Àwa kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ibi ti wá ń gbà ni pé iṣẹ́ yóò dúró, ṣùgbọ́n wọn yóò fi nọ́ńbà tàbí orúkọ ìnagijẹ rọ́pò orúkọ ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀. Ìwé àṣẹ tuntun tí Creative Commons gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 sọ ọ́ kedere: bí oníṣẹ́ bá ti fẹ́ kí a dárúkọ òun ni kí a dá a, ìbáà jẹ́ orúkọ ìnagijẹ, bó bá sì ní kí a yọ ọ́, kí a yọ ọ́ dé ibi tí agbára wa bá mọ.

Kí ni a rí kọ́? Orúkọ, ti ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni. Kì í ṣe ti alága, kì í ṣe ti akọ̀wé, kì í sì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé. Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀rù òfin pa orúkọ gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó bá a ṣiṣẹ́ rẹ́, ó ti fi owó iṣẹ́ wọn dù wọ́n, nítorí òfin kò ní kí a bo ẹni tó fẹ́ hàn. Ẹni tó bá sì tìtorí ìmoore kéde ẹni tó ń fara pamọ́, ó lè fi onítọ̀hún lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ wa gbogbo, nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ tàbí tí a bá ń to orúkọ àwọn tó dáwó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí a kọ orúkọ yín?" Ìbéèrè kan yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ àti ẹni tí a bò láṣìírí, Ọlọ́run Allah mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì, kí Ó san wọ́n lẹ́san rere.