Ìtàn Àmì Ìlọ́po Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Bí babaláwo bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe ní Ìgbàrà-Odò Èkìtì tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, awẹ́ mẹ́jọ ni yóò wò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kí ó dojú dé. Bí a bá sọ 2 mẹ́jọ di púpọ̀, 256 ni yóò jẹ́, iye Odù Ifá gan-an. Ìṣirò náà kò le. Bí a ó ṣe kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ní 1957, John Backus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé FORTRAN jáde. Páálí oníhò ìgbà náà kò lè gbé nọ́ńbà kékeré lé orí òmíràn, nítorí náà wọ́n lo ìràwọ̀ méjì: 2**8. BASIC (1964) lo ọfà tó kọjú sókè. Nígbà tí ^ gba ipò ọfà náà lórí bọ́tìnnì, ọ̀pọ̀ BASIC gbà á lò.

Iṣẹ́ mìíràn ni Dennis Ritchie fún ^ nínú èdè C (1972). Ó ń fi 0 àti 1 inú nọ́ńbà méjì wéra, ó sì ń kọ 1 síbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀: 0010 àti 1000 di 1010. Nítorí náà, 2^8 nínú C jẹ́ 10. pow(2, 8) ni ó ń mú 256 wá. Python (1991) padà sí ìràwọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó fi ^ sílẹ̀ bí C ṣe lò ó. Olùkọ́ tí BASIC ti mọ́ lára yóò rí 10 gbà, Python kò sì ní kìlọ̀ fún un.