Ìran Méje: Bí A Ti Ń Ka Ìbátan

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò jù lọ ni ìgbà tí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan, tí àwọn ẹbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé: Ta ni ó bí baba rẹ̀? Ilé wo ni ìyá rẹ̀ ti wá? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yà tí kò mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn fẹ́ ẹbí rẹ̀. Ohun tí ẹnu wọn kò kò sí ni ibi tí ẹbí parí sí. Ìtàn òfin Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé òfin tí ó bá ju ìrántí ènìyàn lọ, ọwọ́ alágbára ni yóò bọ́ sí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka ìbátan níbẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa gòkè láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ baba ńlá tí òun àti ẹnìkejì jọ ní, wọn a sì tún sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì náà. Ìbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele kan. Nípa báyìí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà ní ìpele 2, àwọn ọmọ tí àwọn méjèèjì bí sì wà ní ìpele 4 sí ara wọn. Ọ̀nà kejì ni kí a ka ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò di ìpele 1, àwọn ọmọ wọn sì di ìpele 2. Láàárín ọdún 1000 sí 1100, Ìjọ gba ọ̀nà kejì yìí, ṣùgbọ́n kò yí iye ìpele tí òfin dá padà. Méje ni ó wà, méje náà ni ó sì kù. Bí òfin ṣe gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á mọ́ ní láti mọ àwọn tí ó bí i títí dé ìran keje, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó wà ní ìran keje yẹn nìkan jẹ́ ènìyàn 128. Ta ni ó lè rántí wọn tán?

Ohun tí tálákà kò lè rántí, ọba a máa rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ní 1137, Louis Keje tí ó jẹ ọba ilẹ̀ Faransé fẹ́ Eleanor, ẹni tí ó jogún ilẹ̀ Aquitaine. Robert Kejì, ọba Faransé láyé àtijọ́, ni baba ńlá àwọn méjèèjì: ìran mẹ́rin ni ó wà láàárín rẹ̀ àti Louis, márùn-ún sì ni láàárín rẹ̀ àti Eleanor. Nígbà tí ìjà wọ àárín tọkọtaya náà, Póòpù Eugenius Kẹta parí rẹ̀ fún wọn ní 1149, kò sì gbà kí ìbátan tú wọn ká. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, kò sí ọkùnrin tí yóò jogún adé. Ní oṣù kẹta 1152, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Beaugency, wọ́n sì tú ìgbéyàwó náà ká nítorí ìbátan.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Eleanor fi fẹ́ Henry, ẹni tí ó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1154. Bẹ́ẹ̀, Henry tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju Louis lọ! Ermengarde ti Anjou ni ìyá ńlá àwọn méjèèjì. Ọkọ méjì ni obìnrin yìí fẹ́ tẹ̀léra. Ó bí Fulk Kẹrin fún ti àkọ́kọ́, ó sì bí Hildegarde fún ti èkejì. Iyèkan ni Yorùbá yóò pe Fulk àti Hildegarde. Ìran kẹrin sí Ermengarde ni Henry, ìran kẹrin náà sì ni Eleanor. Síbẹ̀ ìgbéyàwó yìí dúró títí Henry fi kú ní 1189. Òfin kan náà ni, ṣùgbọ́n ó tú ti àkọ́kọ́ ká, ó sì fojú fo èkejì.

Ní 1215, ìpàdé ńlá tí Ìjọ ṣe ní Lateran ní Róòmù gbà pé a kò lè pa òfin náà mọ́ mọ́ láìṣe ìpalára ńlá, wọ́n sì dín ìpele méje kù sí mẹ́rin. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí a máa kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú, kí ẹni tí ó bá mọ ìdènà lè sọ ọ́. Ní 1917 ìpele náà di mẹ́ta. Òfin 1983 padà sí ìkà ti Róòmù, ó sì dúró ní ìpele 4, èyíinì ni àwọn ọmọ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí.

Ní Nàìjíríà, ààlà náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Láàárín àwọn Fúlàní àti Haúsá, kò lòdì sí ẹ̀sìn Ìmàle kí ènìyàn fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò baba rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ìjọba ti 1970 náà kò ka irú ìbátan bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí ó kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá kọ̀ ọ́. Nínú èdè Yorùbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, a kì í sì í fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni. Yorùbá kò fi iye ìpele sí i. Ìwádìí àwọn àgbà àti oríkì orílẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ààlà náà.

Ìwádìí náà kò sì lè ju ohun tí àwọn àgbà rántí lọ. Bí àwọn ọmọ ti ń kúrò nílé lọ sí ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni àrọ́bá ń dínkù. Níbi yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ baba àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó bèèrè ti àwọn òbí wọn àgbà, kí ó sì gòkè títí dé ibi tí ẹnu àgbà bá dé. Kí ó má ṣe fi ẹ̀yìn ìyá sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ìyá ni Henry àti Eleanor gbà di ìbátan. Ọmọ tí ó bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò fi òfin ìbátan tàn án jẹ, yálà láti dí i lọ́nà tàbí láti lé e kúrò nílé ọkọ.