Kí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Kú

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìtumọ̀ òwe náà kò ṣókùnkùn: ohun tó bá ń lọ a máa fi nǹkan sílẹ̀. Ibi ìsìnkú àgbà ni wọ́n ti sábà máa ń pa á láti fi tu àwọn ọmọ olóògbé nínú, àfi bí ẹni pé ikú ìyá ló ń bí ọmọ. Àgbẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ nídìí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ́ ìyá náà lulẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìtọ́jú ọmọ ṣe iṣẹ́ bá fẹ́ kógbá wọlé, tí ó sì ní àwọn tó ń bá ṣe lókè òkun, ohun tó ti ṣe kí ó tó tilẹ̀kùn ló máa ń pinnu bí àjọṣe náà yóò ṣe pẹ́ tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà tó yàtọ̀ síra.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, Dennis O'Neill, ọmọ ọdún 12, kú sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ tí ìjọba fi í sí lọ́dọ̀ ní oko kan ní Shropshire, lẹ́yìn lílù àti ebi. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yìí ló mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Myra Curtis darí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Lẹ́tà tí Lady Allen of Hurtwood kọ sí ìwé ìròyìn The Times ní oṣù keje ọdún 1944 ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípa àwọn ọmọ tó wà nílé ìtọ́jú, ìjọba sì ti gbà láti ṣe ìwádìí kí ọmọ náà tó kú. Ohun tí ikú rẹ̀ ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ jábọ̀ ní 1946, òfin àwọn ọmọdé jáde ní 1948, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ sì di ẹni tó gbọ́dọ̀ yan ọ̀gá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tàwọn ọmọ nìkan. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi kó ara wọn jọ. Àwọn tó ń bẹ àwọn ọmọ wò lọ́dọ̀ alágbàtọ́ dá Association of Child Care Officers sílẹ̀. Àwọn tó ń bá ọmọ gbé nílé ìtọ́jú, tí wọ́n ń jí wọn, tí wọ́n ń bọ́ wọn, dá Residential Child Care Association sílẹ̀ ní 1949.

Lókè òkun, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti pàdé lọ́dún tó ṣáájú. Walter Robert Corti, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Switzerland, ti fi ìwé ìròyìn Du ké sí aráyé ní 1944 pé kí wọ́n kọ́ abúlé fún àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí. Ní 1946 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Trogen, wọ́n sì fi orúkọ Pestalozzi pè é. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ilé tirẹ̀ níbẹ̀: nínú ilé àwọn ọmọ Pólàǹdì, àgbàlagbà ọmọ Pólàǹdì ni bàbá àti ìyá ilé, èdè wọn ni wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ. Ìta ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ọmọ Faransé àti ti Jámánì, tí bàbá wọn lè ti yìnbọn sí ara wọn. Abúlé yìí ni UNESCO pe àwọn olórí abúlé ọmọdé jọ sí ní oṣù keje ọdún 1948, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá FICE sílẹ̀, àjọ àgbáyé fún àwọn ibùdó tí ọmọ ń gbé tí ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ẹ̀ka orílẹ̀-èdè ló para pọ̀ di àjọ náà.

Ẹgbẹ́ tó dàpọ̀ mọ́ òmíràn àti ẹgbẹ́ tó tilẹ̀kùn kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn méjèèjì ló ń pa rẹ́. Association of Child Care Officers kò kú ikú òṣì. Ìjábọ̀ Seebohm ti 1968 ti dábàá pé kí gbogbo iṣẹ́ ìgbáyégbádùn wà lábẹ́ òrùlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀, òfin sì fọwọ́ sí i ní 1970. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ méje fi orúkọ wọn sílẹ̀ láti di British Association of Social Workers. Àwọn tó ń ṣọ́ arúfin tí ilé ẹjọ́ fi sábẹ́ àbójútó yọwọ́ nígbà tó kù díẹ̀, àwọn tó ń bá ọmọ gbé nílé ìtọ́jú kò sì sí lára wọn. Ẹgbẹ́ tuntun náà rí ilé lókè òkun nínú IFSW, àjọ àgbáyé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Ẹni tó ń wo èyí yóò ní kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹbí ti yí padà. Ní IFSW, ọmọdé jẹ́ ọ̀kan láàárín arúgbó, aláìsàn ọpọlọ, òtòṣì àti ẹlẹ́wọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní Norway sí ọmọ tí kì í sùn lóru kò rí ẹni tí yóò bi ní kíákíá mọ́.

Ẹgbẹ́ kejì, Residential Child Care Association, gba ọ̀nà mìíràn. Ó yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó gba àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláàbọ̀ ara wọlé, ó di Social Care Association, ó sì kógbá wọlé ní 2012. Lọ́dún kan náà, ìjọba fòpin sí General Social Care Council, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Òfin ti yan ẹni tí yóò gba ìwé orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ kejì kò ṣófo. Òfin kì í yan àrólé fún ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn fi owó ara wọn dá sílẹ̀.

Òfin náà sì mọ owó ju ohun mìíràn lọ. Bí ẹgbẹ́ aláàánú bá kásẹ̀ nílẹ̀ ní England, ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí èrò wọn jọ tirẹ̀. Àga, kọ̀ǹpútà àti owó báńkì ṣeé fún ẹlòmíràn báyìí. Ìjókòó nínú àjọ àgbáyé kò ṣeé fún ni: owó ọdọọdún ló dúró lé, àti ìdìbò, àti ìgbàwọlé àwọn tó kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojúlùmọ̀ wà, èyí tó ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé: ìwé àdírẹ́sì, lẹ́tà ìkíni ọdún, orúkọ ẹni tó gbàlejò ní Vienna. Àwọn ẹgbẹ́ máa ń bẹ̀rù pé ìjókòó ni wọn yóò pàdánù. Ojúlùmọ̀ ló tètè ń sọnù jù, torí pé kò sí ìwé owó tí yóò rán ẹnikẹ́ni létí rẹ̀.

Àwọn kan tún gbà pé irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ló ń yanjú ọ̀ràn ọmọ tó wà láàárín ìlú méjì. Iṣẹ́ International Social Service, tó ti wà láti 1924, ni ìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń ṣe ni pé kí ẹni tó ń tọ́ ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ níbòmíràn. Ìran Yorùbá mọ ohun tí àìní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà. Láti nǹkan bíi 1955, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wà ní London fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì gbé ọmọ fún alágbàtọ́ òyìnbó ní Kent, Sussex àti ibòmíràn. Lójú àwọn òbí, ohun àtijọ́ ni gbígbé ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́. Lójú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìkọ̀sílẹ̀ ni.

Òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀, torí pé ìgbà tí ìyá ṣì dúró ni ọmọ ń yọ. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé òun ń lọ a máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀ka orílẹ̀-èdè nígbà tí òun ṣì lè dìbò fún un, ìbáà jẹ́ yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ kékeré tuntun; a sì mú un lọ sí ìpàdé kan ó kéré tán, kí àwọn ará òkè òkun lè mọ ojú rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ní ilé tirẹ̀: àkọsílẹ̀ British Association of Social Workers àti ti àwọn ẹgbẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ wà ní Modern Records Centre ní Yunifásítì Warwick. Ṣùgbọ́n ibi ìkówèésí kì í dáhùn lẹ́tà ìpè. Nígbà tí FICE, IFCO (àjọ àgbáyé fún ìgbàtọ́ ọmọ) àti SOS Children's Villages gbé ìlànà Quality4Children jáde ní 2007 fún ìtọ́jú ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn tí wọ́n ní aṣojú ní orílẹ̀-èdè wọn ló rọrùn láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.